Wọ́n bí àbúrò mi sí Abidjan, kò ní ìwé kankan: ọmọ ìlú wo ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Gbági n'Íbàdàn níbí ni mo ti ń tajà, ará Èjìgbò ní Ọ̀ṣun ni wá. Abidjan ni bàbá wa kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí àbúrò mi sí, ó ti di ẹni ọdún 23. Látìgbà tó ti wálé, kò ní NIN, síìmù mi ló ń lò, wọ́n ń pè é ní ará Abidjan, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ọ̀hún ní Ànàgó ni, ìyẹn Yorùbá láti Nàìjíríà. Ẹnì kan ní ká lọ búra ní kóòtù pé Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ màámi, ẹ má búra irọ́ yẹn o, ẹ ò tiẹ̀ nílò ẹ̀. Abala 25 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ pé ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀jẹ̀ là ń wò lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n sin ìwọ́ ẹ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwọn náà ní Côte d'Ivoire, láti 1972, àfi kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ kí ọmọ tó di ọmọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ànàgó.

Àbúrò yín ní orílẹ̀-èdè tiẹ̀, ìwé ni ò ní. Ṣùgbọ́n ibi tó ń bà mí lẹ́rù rèé: tó bá bímọ báyìí láìní ìwé, tí ọmọ yẹn náà tún bímọ, tí ẹni tó mọ orúkọ bàbá yín l'Éjìgbò ti kú tán, ta ló máa jẹ́rìí? Bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń di ẹni tí orílẹ̀-èdè kankan ò gbà pé tòun ni, kò ní páspọ́ọ̀tù, kò lè ṣe JAMB, kò lè ṣí àkáǹtì, tí wọ́n bá sì mú un ní bọ́dà kò síbi tí wọ́n máa dá a padà sí. Torí irú wọn làgbáyé ṣe fọwọ́ sí àdéhùn UN ti 1954 àti 1961 lórí àwọn tí ò ní orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà náà wọ méjèèjì ní 2011. Ẹ rántí 1969 tí ìjọba Busia lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Ghana, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn, Ghana ni wọ́n bí wọn sí.

Ẹ ní kí wọ́n bá yín gba ìwé ìbí ẹ̀ l'Ábidjan, extrait ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo sípẹ́lì orúkọ dáadáa, torí wọ́n máa ń kọ Ràjí sí Radji, Sànúsí sí Sanoussi, tí kò bá sì bá tiyín mu ẹ lọ búra ní kóòtù pé orúkọ kan náà ni. Lẹ́yìn náà ẹ wá ohunkóhun tó fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni bàbá yín, bóyá páspọ́ọ̀tù àtijọ́ tàbí káàdì tí wọ́n gbà ní ẹ́ńbásì wa. Ìwé ìbí tiyín náà wúlò gan-an, torí orúkọ bàbá kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹ gba ìwé indigene fún un ní lókà Èjìgbò, kó wá kó gbogbo ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe NIN.

Tẹ́ ẹ bá ti búra pé Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, extrait yẹn ló máa tú yín fó lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba páspọ́ọ̀tù, wọn ò sì ní gba òótọ́ tó kù gbọ́ mọ́. Tí bàbá yín bá sì ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣì wà láyé, ẹ mú wọn lọ sí kóòtù lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n lọ búra sóhun tí wọ́n mọ̀.