Oyin mi ń lé èèyàn látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ṣé kí n sun wọ́n ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Mo ní àpótí oyin mẹ́ta létí oko káṣú wa lọ́nà Ìkòyí, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Lásìkò òjò wọ́n jẹ́jẹ́, àmọ́ látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ọ̀kadà ò lè kọjá níwájú wọn mọ́. Láàárọ̀ àná mo tún rí ọmọ oyin funfun tó ti kú nílẹ̀ lábẹ́ àpótí kan. Bọ̀dá kan ní oyin apààyàn ti Amẹ́ríkà ló ti wọ̀ ọ́, kí n yáa fi pẹtiróò sun wọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má sun nǹkankan o. Bọ̀dá yẹn gbé ọ̀rọ̀ sódì. Oyin tí wọ́n ń bẹ̀rù ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti lọ. Lọ́dún 1956, Warwick Kerr, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Brazil, kó ayaba oyin láti apá gúúsù Áfíríkà lọ sí Brazil torí oyin Yúróòpù tí wọ́n ń sìn ò gbádùn ooru ibẹ̀, nígbà tó di 1957 agbo 26 bọ́ lọ ní Rio Claro, wọ́n bá àwọn ti Yúróòpù gùn, wọ́n sì ń tàn lọ títí wọ́n fi wọ Texas lọ́dún 1990. Tiwa tó wà nínú igbó Ògbómọ̀ṣọ́, adansonii ni wọ́n ń pè é, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ìjà ò ṣàjèjì sí wọn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ ìgbà ọyẹ́? Káṣú ń yọ òdòdó, igbá àti emi náà ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, oyin ti ń kún afárá, àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ti pọ̀ gan-an. Ilé tí èrò pọ̀ nínú ẹ̀ tó sì lọ́rọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀ máa ń pọ̀. Lásìkò òjò wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní púpọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣọ́. Tí ẹyọ kan bá ta èèyàn, òórùn kan máa jáde lára oró tó fi ta á, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ló ń rùn, òun ló ń pe àwọn tó kù wá. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kó o tètè fi èékánná ha á kúrò lára, kó o fín èéfín síbẹ̀, kó o sì kúrò níwájú wọn kíá, má dúró máa gbá wọn.

Ti ọmọ tó kú yẹn, inú mi dùn sí i ju bó o ṣe rò lọ. Ìmọ́tótó ni! Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì máa ń gbọ́ òórùn ọmọ tó ń ṣàìsàn lábẹ́ ìda tí wọ́n fi dé ihò ẹ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á kó o jù síta kí àrùn má bàa ràn. Tí oúnjẹ bá ń wọlé dáadáa tí wọ́n sì pọ̀, wọ́n ń yára ṣe é, tó bá di ìgbà àìrí jẹ ọwọ́ wọn á rọ. Àmọ́ yẹ inú àpótí wò nírọ̀lẹ́, torí tó o bá rí ìdin tó ta òwú sínú afárá, tàbí tí ọmọ inú ẹ̀ ń fà bí ọbẹ̀ ilá tó sì ń rùn, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìmọ́tótó nìyẹn, wá rí mi.

Tó o bá fẹ́ mọ èyí tó mọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún 100 ihò ọmọ tí wọ́n ti dé lórí, kí ọmọ inú wọn kú, padà wá lẹ́yìn wákàtí 24, tí wọ́n bá ti kó 80 jáde, wọ́n gbìyànjú. Èmi gbà pé ìjà àti ìmọ́tótó ò so mọ́ra, èyí tó mọ́ tí kò sì le jù ni kó o pín sí àpótí tuntun lọ́dún tó ń bọ̀.

Fún ti ọ̀kadà, fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà tó ga ju èèyàn lọ síwájú wọn, wọ́n á máa fò gba òkè kọjá. Sì kìlọ̀ fáwọn tó ń sun igbó lágbègbè yẹn, ọjọ́ tí iná bá sún mọ́ wọn, kò sẹ́ni tó máa lè gba ọ̀nà yẹn.