Ọ̀nà: kí ló túmọ̀ sí, àwọn ọ̀rọ̀ wo ló sì sún mọ́ ọn?

Ìbéèrè tí à ń dáhùn ni pé: kí gan-an ni "ọ̀nà"? Ṣé ọ̀kan náà ni òun, títì, pópó, àbùjá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbí kálukú ló ní ibi tirẹ̀?

Ohùn ló yẹ ká kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀nà tí à ń rìn, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló ní: dò-dò. Ọnà tí à ń fi ọwọ́ ṣe, ìyẹn igi gbígbẹ́, àwòrán, aṣọ tí wọ́n dárà sí, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀: re-dò. Ẹni tó bá kọ "iṣẹ́ ọ̀nà" nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwòrán, títì ṣíṣe ló kọ. Bó bá sì yọ àmì kúrò pátápátá, òǹkàwé ni yóò máa méfò. Àmì kan ṣoṣo yìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú rénà.

Gbòǹgbò ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí nǹkan ń gbà kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Nǹkan ọ̀hún kò ní láti jẹ́ ènìyàn. Oúnjẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun, ìtọ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé "ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run": ohun tí a gbé mì lè jẹ́ ohun tó máa gbé ni lọ. Iṣẹ́ pẹ̀lú ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń lọ, nítorí náà la ṣe ń béèrè pé "ọ̀nà wo la máa gbé e gbà?" Ibẹ̀ ni ọ̀nà àtijẹ àti ọ̀nà àbáyọ ti wá. A tún ń fi ọ̀nà ka oríṣi: "ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta." Ẹ má ṣe pa "lọ́nà mẹ́ta" pọ̀ mọ́ "lẹ́ẹ̀mẹ́ta" o. Ẹni tó ṣe nǹkan lọ́nà mẹ́ta, ìlànà mẹ́ta ló lò. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè má yí ìlànà padà rárá.

Òwe "ọ̀nà kan kò wọ ọjà" dúró lórí ìtumọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ibi tí à ń gbà kọjá àti ìlànà. Ará oko tó wà lápá òkè ní ọ̀nà tó ń gbà, ará ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Ẹni tó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé ìlànà òun nìkan ló dára là ń pa á fún. Bí ẹnì kan bá fi òwe yìí gbe màgòmágó lẹ́yìn, ó ti lò ó síbi tí kò tọ́, nítorí gbogbo ọ̀nà inú òwe náà ló hàn sí gbogbo ayé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára jù ni inú ọ̀rọ̀-ìṣe, níbi tí ojú kì í tètè rí i. Bí ọ̀nà bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ sábà máa ń yọ kúrò, ti ọ̀rọ̀-ìṣe á sì dúró. Là ọ̀nà di lànà, òun ló bí ìlànà. Mọ ọ̀nà bí amọ̀nà, rìn ọ̀nà bí ìrìnnà, ṣì ọ̀nà di ṣìnà. Tọ ọ̀nà di tọ̀nà. Nítorí náà, "ohun tó ṣe kò tọ̀nà" ń sọ pé kò tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń tọ̀. Ṣọ́ ọ̀nà di ṣọ́nà, aṣọ́nà sì ni ẹni tó ń ṣe é. Dá ọ̀nà di dánà, ìyẹn kí olè dá èrò dúró lójú ọ̀nà, àwọn dánàdánà. Níbí yìí, àṣìṣe ohùn a máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá: dáná ni kí a dá iná oúnjẹ, dána ni kí ọkọ ìyàwó san ohun tó yẹ fún àwọn àna rẹ̀. Ẹbí tó bá sọ pé ọmọ àwọn ti dánà ti fi ọmọ náà ṣe olè.

"Lànà" ní ìtàn lẹ́yìn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí wọn lọ́nà. Ọbàtálá gbìyànjú, àdá òjé tó mú lọ́wọ́ ká kò. Ògún ló fi àdá irin la igbó náà já. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ àti ọdẹ fi ń ké sí Ògún kí wọ́n tó jáde. Oríta ní tirẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti pàdé, Èṣù ló ni ín, níbẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé ẹbọ sí. Iye ẹ̀ka ni à ń kà mọ́ ọn: oríta mẹ́ta, oríta mẹ́rin; Ìbàdàn tilẹ̀ ní Oríta Mẹ́fà.

Ní ti àwọn tó jọ ọ́, ọ̀nà ni bàbá gbogbo wọn, ó lè jẹ́ ti oko, ti odò tàbí ti ọkọ̀. Ojú ọ̀nà ni ibi tí ẹsẹ̀ àti táyà ń tẹ̀ gan-an. Ojú ọ̀nà ló ń bàjẹ́, tí à ń tún ṣe. "Ojú" yìí náà ló wà nínú ojú irin, tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Pópó tàbí òpópónà jẹ́ ọ̀nà gbòòrò. Títì jẹ́ ti ọkọ̀, pàápàá títì ọlọ́dà. Òpópónà márosẹ̀ ni irú ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ipa kì í ṣe ọ̀nà síbẹ̀, àmì ẹni tó ti kọjá ni. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ títí, ó di ọ̀nà.

Àbùjá àti ẹ̀bùrú ni wọ́n ń dàpọ̀ jù. Àbùjá ń dín ìrìn kù, kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Ẹ̀bùrú ń yẹra fún ibi tí wọ́n ti lè rí ni, ó lè gùn ju ọ̀nà gangan lọ pàápàá. Nítorí náà, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú kò gbà á lọ́nà àbùjá.

Nínú ilé, ẹnu ọ̀nà ni àyè tí a ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn ni ohun tí a fi ń dí i. A kì í dúró nínú ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà là ń dúró sí. Ìloro ló tẹ̀lé e. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé, tí yàrá ṣí sí, jẹ́ ibi ìjókòó àti ìgbàlejò pẹ̀lú, nítorí náà ó ju ọ̀nà lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lónìí, àlàfo tóóró láàárín yàrá méjì là ń pè bẹ́ẹ̀. Ti ìlú ni ẹnubodè, níbi tí oníbodè ti máa ń gba owó lọ́wọ́ èrò láyé àtijọ́.

Ẹni tó bá sì dé ẹnu ọ̀nà onílé kì í ṣàdédé wọlé. Yóò ké pé "Àgò onílé o!" yóò sì dúró dìgbà tí wọ́n bá dáhùn pé "Àgò yà!"