Ẹ Bi Wá: Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé Iṣẹ́ Abẹ Ẹwà

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fa ọ̀rá ikùn mi, kí wọ́n sì fi sí ìdí. Kílíníìkì kan ní Èkó ti gba àsansílẹ̀ ìdajì owó lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n fi fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́rin ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, pé kí n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó dé lọ́jọ́ Ẹtì. N kò tíì fojú kan dókítà kankan. Nọ́ọ̀sì ní gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ sí i, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? — Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Rárá, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, wọn kì bá tí fi ránṣẹ́ sí yín. Ìbuwọ́lùwé nìkan kọ́ ni ìyọ̀ǹda. Ẹ̀rí ló jẹ́ pé wọ́n ti jókòó bá yín sọ ọ́, ó sì yé yín. Níbi tí ẹnì kankan kò ti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀rí kí ni ẹ fẹ́ jẹ́?

Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 23, sọ ọ́ kedere. Ẹni tó ń tọ́jú yín gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ipò ìlera yín, oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu wọn, iye owó, ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àti ẹ̀tọ́ tí ẹ ní láti kọ̀. Òfin náà ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ní èdè tó yé yín, kí ó sì bá ìmọ̀ ìwé yín mu. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ògbufọ̀, kí orúkọ rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó máa mú ọ̀bẹ ni kó bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gba owó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí àjọ tó ń mójú tó àwọn dókítà wọn gbé jáde ní 2016 kò gbà kí dókítà gbé ìjíròrò yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ sì ní kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì láàárín ìjíròrò àti ọjọ́ iṣẹ́. Èyí bọ́gbọ́n mu. Ọ̀rá ikùn kì í ṣe àrùn tó ń lé ni, ẹ lè fara balẹ̀ rò ó wò. Àsansílẹ̀ tí wọ́n máa ń yára gbà, àti ẹ̀dínwó “tó parí lọ́la”, ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ilé ń jó.

Tí ẹ bá rí dókítà náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tó máa fi ọ̀rá náà sí: ṣé abẹ́ awọ ni àbí inú ẹran ìdí? Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà nínú ẹran yẹn. Bí ọ̀rá bá wọ inú wọn, ó lè gba ọkàn lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kí èèyàn sì kú lórí tábìlì. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà lágbàáyé fi kìlọ̀ ní 2018 pé abẹ́ awọ nìkan ni kí wọ́n máa fi sí. Dókítà tó bá ní “kò sí ewu kankan” ti dá yín lóhùn, ẹ dìde.

Ìkejì ni oògùn tí wọ́n fi ń pa ibẹ̀ kú. Omi iyọ̀ tí wọ́n po lidocaine (tó ń pa ibẹ̀ kú) àti adrenaline (tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù) mọ́ ni wọ́n ń tú sí abẹ́ awọ. Òdiwọ̀n lidocaine tí wọ́n ń lò fún ọ̀nà yìí kì í sábà ju miligíráàmù 35 lọ fún kílò kan ìwọ̀n ara: ẹni kílò 70, 2,450 miligíráàmù. Tó bá pọ̀ jù, ahọ́n á kú, etí á máa hó, gìrì lè tẹ̀lé e, ọkàn sì lè dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó lè ju wákàtí 10 lọ kí ó tó dé góńgó. Ṣé ẹ wá rí i pé kò yẹ kí ẹ wọ mọ́tò padà sí Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà? Ìjókòó ọ̀pọ̀ wákàtí lójú ọ̀nà tún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀, ó sì lè tẹ ọ̀rá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ìdí mọ́lẹ̀. Bí ohun tí wọ́n máa fà bá tó lítà 5, ilé ìwòsàn tí ẹ máa sùn mọ́jú ló yẹ kí ẹ wà. Ẹ bi wọ́n ní tààrà: lítà mélòó? Ta ló máa kùn mí lóorun? Tí nǹkan bá yíwọ́ lóru, ilé ìwòsàn wo la ń gbé mi lọ?

Ẹ sọ fún wọn náà: jẹ́nótáìpù yín, ẹ̀jẹ̀ ríru, àgbo tí ẹ ń mu, asipirín, àti bóyá àpá yín máa ń wú kọjá ojú egbò, bó ṣe máa ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun kan: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ padà fún dókítà ní ẹnu ara yín. Ibi tí ẹ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kò tíì yé yín.

Fọ́ọ̀mù wá kù. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ “mo ti lóye gbogbo ewu” sí láìdárúkọ ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ náà, apá ara tó kàn, àwọn ewu tí wọ́n sọ, irú oògùn akunnilóorun, àti orúkọ dókítà ní kíkún, kí ẹ fi wádìí ní MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ, bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ ti ọdún yìí wà. Àlàfo tó bá ṣófo, ẹ fa ìlà kọjá rẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kí ẹnì kan má bàa kọ nǹkan síbẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ gba ẹ̀dà kan. Ẹ lè yí ọkàn padà títí di ìgbà tí oorun bá gbé yín. Ti owó tí wọ́n ti gbà yàtọ̀: ẹ bèèrè lónìí, ní kíkọ, iye tí wọ́n máa dá padà.

Ọkọ mi kò fara mọ́ ọ̀rá tí mo fẹ́ kí wọ́n fà lára mi, ilé ìwòsàn sì ní dandan kó fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ṣé òfin nìyẹn? — Ẹni tó fẹ́ mọ̀, Òǹdó

Kì í ṣe òfin. Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ń yọ̀ǹda fún ara rẹ̀, orúkọ ìbátan inú fáìlì wà kí wọ́n lè rí ẹni pè ni. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹnì kan dání lọ síbi ìjíròrò, nítorí etí méjì ń gbọ́ ju etí kan lọ. Ẹ sì ti mọ ẹni tó máa bá yín gbọ́ oúnjẹ, torí aṣọ fífún tí wọ́n ń wọ̀ lẹ́yìn fífa ọ̀rá lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Wọ́n gbé àwòrán ètè mi “ṣáájú àti lẹ́yìn” sórí Instagram. Wọ́n ní mo ti fọwọ́ sí i. — Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín, Alágbàká

Àwòrán inú fáìlì yàtọ̀ sí àwòrán ìpolówó. Abala 26 òfin 2014 yẹn ka ọ̀rọ̀ aláìsàn sí àṣírí, òfin ààbò dátà ti 2023 sì fún yín láyè láti gba ìyọ̀ǹda yín padà. Ẹ wo ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yín: ó sábà máa ń jẹ́ gbólóhùn kan tí wọ́n há sáàárín ọ̀rọ̀ oògùn. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ti bo ojú yín, ilà tàbí àmì ìbí létí ètè ti tó kí ará àdúgbò fi mọ̀ yín.

Ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ fún wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, àjọ ààbò dátà àti FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ń gba ẹ̀sùn. Kí ẹ tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú ewé náà, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, torí wọ́n lè pa á rẹ́ lóru ọjọ́ yẹn.