Ìbọn ẹlẹ́nu méjì nínú ilé àyágbé: irú séèfù wo ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé àyágbé ni mo wà ní Sùúrùlérè, òkè kejì. Mo ní oko ẹran lápá Ẹ̀pẹ́, mo sì ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan, dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Inú wọ́dúróòbù ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí, mo fi àǹkárá wé e. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, torí àkọ́bí wa ti pé ọdún 13, kò sì sí ibi tí kì í tú nínú ilé. Ẹnì kan fi séèfù kékeré onínọ́ńbà hàn mí lọ́jà, ó ní kò sí olè tó lè ṣí i. Wẹ́dà àdúgbò wa náà ní òun lè bá mi jó àpótí irin. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ṣé mo sì lè dè é mọ́ ògiri?

ÌDÁHÙN

Ìyàwó yín ló jàre. Kí ọ̀rọ̀ séèfù tó délẹ̀ rárá, ẹ yọ ìbọn yẹn kúrò nínú àǹkárá lónìí. Ẹ ṣẹ́ ẹ ní oríkèé rẹ̀ kó ṣí, kí ẹ wo ihò méjèèjì lójúmọmọ, kí ẹ rí i dájú pé ọta kankan ò sí níbẹ̀. Aṣọ òwú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin tí ẹ bá sì fi wé kì í pẹ́ dógùn-ún.

Ó dára tí ìwé yín pé. Òfin ìbọn ti ọdún 1959, tí a ṣì ń lò títí dòní, fi irú ìbọn yín sí ara èyí tí ará ìlú lè gbàṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìbọn pọ́ńpù àti ìbọn ìléwọ́ kò sí lára wọn; ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10 ló wà níwájú rẹ̀. (Àwọn kan máa ń pè mí pé kí n wá fi séèfù sílé fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀. N kì í lọ.) Orúkọ yín nìkan ló wà lórí ìwé àṣẹ, nítorí náà ọwọ́ yín nìkan ló yẹ kí ọ̀nà àtiṣí séèfù wà. Mo mọ̀ pé ìyàwó yín ò ní bínú sí èyí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọjà. Séèfù kékeré tí wọ́n fi hàn yín yẹn, owó àti góòlù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn ìbọn yín. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá gùn ní íǹṣì 28 sábà máa ń tó íǹṣì 45 lódidi, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 115. Kò lè wọ inú àpótí tí ò ga ju orúnkún lọ. Nǹkan kan wà ṣá tí àwọn tó ń ta séèfù kì í sọ: dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì máa ń tú sí mẹ́ta, ìdí pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń fà á, ẹnu méjèèjì, àti igi kékeré abẹ́ ẹnu. Bí ẹ bá tú u, séèfù tí inú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80 tàbí 85 ti tó yín. Ìyẹn á wọ ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù, àlejò ò ní rí i. Èmi ò fẹ́ràn kí ènìyàn gbé kọ́bọ́ọ̀dù irin gíga sí yàrá ní ilé àyágbé. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹni tó bá rí i á ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nípa nọ́ńbà títẹ̀: ẹ má jẹ́ kí iná tó ń tàn lójú rẹ̀ tàn yín. Nínú ọ̀pọ̀ séèfù olówó pọ́ọ́kú, irin tín-ín-rín kan báyìí ló ń di ìlẹ̀kùn náà mú, gbígbá líle lásán sì lè mú kó fò kúrò ní àyè rẹ̀. Bátìrì náà á kú lọ́jọ́ kan, tí ẹ bá sì ti ju kọ́kọ́rọ́ ìrànlọ́wọ́ sínú séèfù náà gan-an, ẹ ti ti ara yín síta nìyẹn. Ọmọ ọdún 13 pẹ̀lú? Ọjọ́ ìbí yín ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Onítẹ̀ka kò burú, àmọ́ bí ọwọ́ bá lóòógùn tàbí tó ní epo, ó lè kọ̀ yín. Kọ́kọ́rọ́ gidi eléyín méjì, tí eyín wà lápá méjèèjì rẹ̀, ni èmi máa ń yàn fún ẹni tó ní ọmọ nílé, bí onítọ̀hún bá lè máa mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe orí fírémù ìlẹ̀kùn, kì í ṣe inú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọmọ ló mọ ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ti ilé iṣẹ́, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ wo inú fún àmì ìdánwò. Ti ilẹ̀ Yúróòpù fún àpótí ilé ni EN 14450, ó ní S1 àti S2, S2 ló le jù. EN 1143-1 le jù méjèèjì lọ, ó sì wúwo jù wọ́n lọ, owó rẹ̀ náà ò kéré. Ti Amẹ́ríkà tí ẹ máa rí lára àpótí ìbọn ni RSC (àmì àpótí ààbò inú ilé) láti ọ̀dọ̀ UL, ilé iṣẹ́ tó ń dán ọjà wò: níbi ìdánwò tó rọrùn jù nínú rẹ̀, ẹnì kan á fi irinṣẹ́ ọwọ́ bá ìlẹ̀kùn náà jà fún ìṣẹ́jú 5. Ìṣẹ́jú 5 péré, ẹ gbọ́ o. Séèfù kì í lé olè lọ, ó ń dá a dúró ni. Bí àmì tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti iná nìkan, pé ìwé ò ní jó fún wákàtí kan, kò sọ nǹkan kan nípa olè. Irú séèfù iná bẹ́ẹ̀ máa ń ní ohun tó ń pa omi mọ́ sínú ògiri rẹ̀, ọ̀rinrin yẹn ò sì bá ìbọn rẹ́. Ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì ni kí ẹ fi sí i.

Wẹ́dà yín ńkọ́? N ò kórìíra rẹ̀. Bó bá mọ iṣẹ́, àpótí rẹ̀ lè nípọn ju ti ọjà lọ. Ẹ rí i, nọ́ńbà géèjì irin máa ń da ènìyàn rú: bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i. Géèjì 18 ò ju mìlímítà 1.2 lọ, géèjì 12 sì tó bíi 2.7. Ẹ ní kó lo irin mìlímítà 3. Kí ìlẹ̀kùn wọ inú fírémù, kó má ṣe gùn lé e lórí, kí ọ̀pá irin máa ràn án lọ́wọ́ lápá ibi tí ìnjìsì wà, torí bí wọ́n bá fi fáílìn-mẹ́ṣìn gé ìnjìsì tó wà níta, ìlẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ já bọ́. Kó má fi àgádágodo kọ́ ọ níta. Ẹ ra kọ́kọ́rọ́ séèfù fún un kó gbé e sínú. Kó lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀ kó tó kun ún ní rẹ́dì ọ́sáìdì, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ pátápátá ní ìlẹ̀kùn ṣíṣí kí ìbọn tó dé ibẹ̀.

Ẹ wá bi mí nípa ògiri. Rárá o. Búlọ́ọ̀kù oníhò, íǹṣì 6 tàbí 9, ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa. Bóòtì tí ẹ bá fi há a á kàn dúró sínú ihò ni, ẹni tó bá fi ọ̀pá irin fà á á fà á tu pẹ̀lú erùpẹ̀. Ilẹ̀ ni kí ẹ dè é mọ́. Séèfù tí ẹ kò dè mọ́lẹ̀, ẹrù tí ẹ ti dì sílẹ̀ de olè ni: wọn á gbé e lọ ṣí níbi tí kò ti sí ariwo. Ní òkè kejì, dẹ́kìn kọnkéré ló wà lábẹ́ yín, àmọ́ táìsì àti ṣíkírìdì (sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ kí táìsì tó gorí rẹ̀) tó wà lórí rẹ̀ lè nípọn tó mìlímítà 60, méjèèjì ò sì lágbára tó láti di bóòtì mú. Ráwù bóòtì mìlímítà 12 tó gùn tó 120 ni kí ẹ rà, ẹ máa rí i ní Orílé, kí ìdí rẹ̀ lè dé inú kọnkéré gan-an. Kí oníṣẹ́ tó lu ilẹ̀, kó béèrè ibi tí páìpù wáyà gbà, torí inú dẹ́kìn ni wọ́n máa ń gbé e gbà lọ sí iná ilé ìsàlẹ̀. Igun yàrá ló dára jù, níbi tí ọ̀pá irin ò ti ní rí àyè wọlé lápá méjì.

Ọta ò gbọ́dọ̀ bá ìbọn gbé. Ẹ wá àpótí kékeré mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, séèfù onínọ́ńbà ọjà yẹn gan-an lè ṣe èyí, bí ẹ bá dè é mọ́lẹ̀ tí ẹ sì yí nọ́ńbà tó bá ilé iṣẹ́ wá padà. Ẹ fi igi kékeré abẹ́ ẹnu ìbọn náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọta. Bí ẹnikẹ́ni bá wá rí séèfù ńlá ṣí, ìbọn tí kò pé ló máa bá.

Ìgbà òjò ló kù. Ẹ fi epo ìbọn nù ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ má fi í sínú àpò awọ tàbí ti fóòmù. Àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú bàtà tuntun, wúlò bí ẹ bá ń pààrọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tó ń lo iná NEPA ò ṣe é gbára lé. Ẹ máa ṣí i yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tó wà ní Lẹ́kí àti Ajah, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí, ẹ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá sì jẹ́ ilé ìsàlẹ̀ ni, ẹ fi kọnkéré gbé séèfù ga kí àgbàrá má bà á.

Ẹ ya nọ́ńbà ara ìbọn náà ní fọ́tò, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé àṣẹ síbòmíràn, torí bí wọ́n bá jí i, ọlọ́pàá lẹ máa kọ́kọ́ sáré lọ bá, ohun tí wọ́n sì máa bi yín nìyẹn. Ní ti lánlọ́ọ̀dù, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó lu ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé séèfù ni ẹ fẹ́ dè, ẹ ò nílò láti sọ ohun tí ẹ máa fi sínú rẹ̀. Ẹ ra táìsì mẹ́rin irú tirẹ̀ sílẹ̀ báyìí, torí nígbà tí ẹ bá ń kó lọ, wọ́n lè má ta irú rẹ̀ mọ́.