Ṣé ìkùukùu gáàsì ló kọjá, àbí orísun X-ray fúnra rẹ̀ ló yí padà?

Ìbéèrè yín ni pé ẹ fi XMM-Newton, awò awọ̀nàjíjìn X-ray inú òfuurufú, wo gálásì Seyfert kan (irú tí ihò dúdú ńlá àárín rẹ̀ ń gbé gáàsì mì tó sì ń tàn) lẹ́ẹ̀mejì, oṣù mẹ́fà síra. Lẹ́ẹ̀kejì, ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ 2 keV (keV ni òṣùwọ̀n agbára X-ray) ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, fit, ìyẹn àwòṣe tí ẹ mú bá dátà mu, sì ní NH, iye gáàsì tó wà lójú ọ̀nà, ti gòkè láti 10²² dé 10²³ cm⁻². Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìkùukùu ló bo orísun náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye NH nìkan ò tó ẹ̀rí. NH, ìdá tí gáàsì bò lára orísun, àti ìdàgẹ̀rẹ̀ Γ, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù bí keV ti ń gòkè, máa ń wọ ẹ̀wù ara wọn nínú spectrum, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí a pín sí agbára kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ fọ dátà mọ́. Ẹ yọ gbogbo àkókò tí pn, kámẹ́rà kan lórí XMM-Newton, bá ka ju count 0.4 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín 10 sí 12 keV. Ìjì pírótọ́ọ̀nù nìyẹn, apá òkè spectrum tí ẹ nílò jù ló sì máa ń bà jẹ́. Ẹ de NH ti Milky Way, gálásì tiwa, mọ́lẹ̀ kó má yí padà nínú tbabs, apá àwòṣe tó ń ka gáàsì tó bo gbogbo orísun, kí zpcfabs, èyí tó ń ka gáàsì tó lè bo apá kan rẹ̀, gbé gáàsì ti gálásì náà pẹ̀lú redshift rẹ̀ (bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn sí i torí gálásì náà ń jìnnà sí wa). Lẹ́yìn náà, ẹ fi spectrum méjèèjì sínú fit kan ṣoṣo: Γ kan náà fún méjèèjì, kí NH, ìdá tí a bò àti agbára orísun máa yàtọ̀. Bí ẹ bá tú Γ sílẹ̀ tó sì sáré lọ sí 1.2, ẹ má gbà á. 1.7 sí 2.0 ni Seyfert sábà máa ń ní. Gáàsì tí ẹ ò kà, tàbí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ọ̀nà jíjìn, ló ń fà á wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ fit ti ń bàjẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ 1 keV. Zpcfabs á ní orísun ló ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkùukùu, á wá sọ fún yín pé ìdá 0.97 ni a bò. Ó sì lè jẹ́ gáàsì gbígbóná tó tàn ká inú gálásì ni, bíi ti gálásì NGC 1365. XMM-Newton ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, Chandra, awò X-ray míràn, lè ràn yín lọ́wọ́ torí ojú rẹ̀ mú dé bí ìdajì arcsecond (arcsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú 3,600 digirí kan). Ẹ fi apec, tó dúró fún gáàsì gbígbóná, sínú àwòṣe, ẹ fún un ní iye kan náà nígbà méjèèjì: gáàsì tó fẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún-ìmọ́lẹ̀ kò lè yí padà láàárín oṣù mẹ́fà.

Ẹlẹ́rìí méjì ni mo máa ń bi. Àkọ́kọ́ ni NuSTAR, awò X-ray tó ń rí 3 sí 79 keV. NH 10²³ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì títí dé bí 3 keV, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè 10 keV. Bí òkè 10 keV bá rẹ̀ sílẹ̀, orísun ló yí padà, àfi tí NH bá ti kọjá 1.5×10²⁴. Ẹlẹ́rìí kejì ni ìlà irin ní 6.4 keV. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti gáàsì tó jìnnà, nítorí náà bí ìkùukùu bá kọjá, agbára ìlà náà kò ní yí padà, equivalent width rẹ̀ (agbára ìlà náà bí a bá fi wé ìmọ́lẹ̀ tó yí i ká) nìkan ló máa gòkè.

Tí ẹ̀rí bá bára mu, ó ku ìṣirò. Ká ní ihò dúdú náà wúwo tó mílíọ̀nù 10 oòrùn, tí orísun X-ray sì fẹ̀ tó 10 r_g (r_g ni òṣùwọ̀n gígùn tí ìwúwo ihò dúdú ń pinnu), ìyẹn mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ìkùukùu tó ń sáré 3,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá á fi bíi wákàtí 14 bò ó tán. Bó bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2, ó fẹ̀ tó 5×10¹³ cm. Ẹ fi pín NH 10²³, ẹ ó rí 2×10⁹ cm⁻³, ìwúwo gáàsì ibi tí àwọn ìlà fífẹ̀ ti ń wá, ìyẹn gáàsì tó ń sáré nítòsí ihò dúdú. Lọ́dún 2006, Chandra rí NGC 1365 tí wọ́n bò tí wọ́n sì tún ṣí láàárín ọjọ́ 4. Ti gálásì NGC 5548 tí wọ́n rí lọ́dún 2013 yàtọ̀: gáàsì tó ń ṣàn jáde ni, ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oṣù mẹ́fà yín ò lè ya irú méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ẹ gé dátà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ nípa hardness ratio (ìfiwéra X-ray alágbára ńlá àti alágbára kékeré) kẹ́ ẹ wò ó bóyá NH ń rìn láàárín wákàtí, ẹ tọrọ Swift, awò X-ray míràn, lọ́jọ́ méjì-méjì, kẹ́ ẹ sì tọrọ awò Hubble fún ìlà C IV, ìlà kábọ́ọ̀nù nínú ìmọ́lẹ̀ ultraviolet: bí ìlà dúdú fífẹ̀ bá wà ní apá búlúù rẹ̀ (ibi tí ìgbì ti kúrú), ìṣàn ni.