Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà fún ẹ̀yìn ríro

Ẹ kú ìnira o, ẹ̀yin tí ẹ bèèrè bóyá akupọ́ńṣọ̀, ìyẹn abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, lè wo ẹ̀yìn ríro, àti bóyá abẹ́rẹ́ ọ̀hún ń dunni. Ọjọ́ pẹ́ tí èmi àti ẹ̀yìn ríro ti jọ ń bá a yí, mo sì ti gba abẹ́rẹ́ náà dáadáa.

Ẹ má fi wé èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún wa rárá. Kò nihò nínú, kò sóògùn tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì tín-ín-rín débi pé ẹ lè má mọ ìgbà tó wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn niṣẹ́ wà. Tí ẹni tó ń gún un bá ń fìka méjì yí i díẹ̀díẹ̀, ojú ibẹ̀ á wúwo, á máa ro yín lábẹ́nú, bí ìgbà téèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó ti le gan. Déqì ni wọ́n ń pè é, òun gan-an ni wọ́n sì ń wá. Wọ́n á wá fi yín sílẹ̀ fún bí 20 ìṣẹ́jú. Èmi máa ń sùn lọ ni.

Àwọn àgbà Ṣáínà ní agbára kan tó ń jẹ́ qì ló ń gba ọ̀nà 12 káàkiri ara, pé ibi tó bá dí lábẹ́rẹ́ ń là. Kò tíì sẹ́ni tó la òkú tó rí àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn. Tàwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló wọ̀ mí létí: abẹ́rẹ́ ń ta àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jí, ọpọlọ á sì tú endorphin jáde, èyí tí ara fúnra rẹ̀ fi ń pa ìrora.

Àmọ́ kí n má tàn yín. Ní Jámánì, wọ́n ṣèwádìí kan lórí àwọn tó lé ní 1,100 tí ẹ̀yìn ń ro, èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Ara tu nǹkan bí 48 nínú 100 àwọn tó gba ojúlówó. Àwọn tí wọ́n kàn gún léréfèé, níbi tí kì í ṣe ojú tí àwọn ará Ṣáínà ní kí wọ́n máa gún? 44. Àwọn tó gba ìtọ́jú tá a mọ̀? 27. Ẹni tó bá ní ojú kan pàtó nìkan ni abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ rọra gbà á gbọ́.

Tèmi ò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so okùn bàtà.

Lójú yín ni kí wọ́n ti já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, tàbí ẹ lóyún, ẹ sọ. Tẹ́sẹ̀ yín bá sì ń kú tipiri, tàbí ìtọ̀ ò ṣeé dá dúró mọ́, ẹ fabẹ́rẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sáré lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.