Kí ló ń já máàkì àkáǹtì oníṣòwò yín wálẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mo ń bójú tó àkáǹtì àwọn oníṣòwò kéékèèké ní báǹkì microfinance kan ní Ìbàdàn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń ní kí àwọn oníbàárà fún wa ní máàkì, láti 0 dé 10. Lọ́dún tó kọjá, 8.4 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ní báyìí ó ti di 7.2. Ọ̀gá wa ní owó tí à ń yọ ló fà á, àwọn ará IT ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ẹ fi ọ̀gá àti àwọn ará IT sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn tó dáhùn. Ká ní èèyàn 100 ló dáhùn lọ́dún tó kọjá: 80 jẹ́ oníbàárà àtijọ́ tí wọ́n fún yín ní 9, 20 jẹ́ ẹni tuntun tí wọ́n fún yín ní 6. Ìpíndọ́gba á jẹ́ 8.4. Lọ́dún yìí, ká ní àwọn àtijọ́ di 40, àwọn tuntun di 60, tí máàkì tí kálukú ń fún yín ò sì yí padà. Ẹ ṣírò rẹ̀: 7.2 géérégé. Inú ẹnikẹ́ni ò bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ bá a, ẹ lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ yín tó ń wá oníbàárà lọ́jà ní ohun tí wọ́n sọ fáwọn èèyàn kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì. Mo mọ ohun tí tágẹ́ẹ̀tì ń fojú àwọn ọmọ yẹn rí. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣèlérí ẹ̀yáwó fún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí kò rí i gbà, kò sí app tó máa tù ú nínú.

Bó bá jẹ́ pé máàkì àwọn àtijọ́ náà já, ẹ wá oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì ọwọ́ yín mọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2025, owó SMS alert kúrò ní náírà 4, ó di 6, torí pé àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi kún owó tiwọn. Olówó oṣù ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìyá tí alert 60 ń wọlé fún lójúmọ́ ńkọ́? Náírà 240 rẹ̀ ti di 360, báǹkì ló sì máa bú.

Síbẹ̀, ẹ má tètè gbà pé owó ni. Owó ló rọrùn jù láti dárúkọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín, owó ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Ní tèmi, alert gan-an ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fojú inú wo oníṣòwò kan ní Bódìjà. Ẹni tó ra ìrẹsì ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ó na fóònù sí i kó wò ó. Alert ò dé. Bó bá jẹ́ kó gbé ọjà lọ, ó lè jẹ́ gbájúẹ̀. Bó bá dá a dúró, ariwo sọ, àwọn tó tò sẹ́yìn á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré tírú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó tó. Àkọsílẹ̀ àsìkò tí owó dé láti NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń gbé owó láti báǹkì kan sí òmíràn, wà lọ́dọ̀ yín, ti àsìkò tí alert jáde náà wà níbẹ̀. Ẹ wo àlàfo àárín méjèèjì, pàápàá ní Sátidé àti òpin oṣù, kí ẹ sì wo èyí tó pẹ́ jù. Ìpíndọ́gba á tún tàn yín jẹ níbẹ̀.

Àwọn tí kò dáhùn rárá ńkọ́? Oníṣòwò kì í sábà wá ti àkáǹtì pa. Á fi í sílẹ̀, á máa gba owó síbòmíì. Ẹ wo iye ìgbà tí owó ń wọlé fún wọn lọ́sẹ̀, àti bóyá wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jáde kílẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ìsọ̀ bíi mẹ́wàá fúnra yín. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé inú wọn dùn sí yín. "A dúpẹ́" ni wọ́n máa sọ. Ẹ béèrè pé: ẹni tó sanwó láàárọ̀ yìí, nọ́ńbà àkáǹtì wo lẹ fún un, kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn? Bí nọ́ńbà báǹkì míì bá wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ẹ béèrè oṣù tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, kí ẹ fi wé oṣù tí máàkì yín bẹ̀rẹ̀ sí í já.